Bí mo ṣe sọ EliteBook tòkunbọ̀ di ẹ̀rọ géèmù lórí Linux

Ẹ̀rọ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ni láptọ́ọ̀pù HP EliteBook 840 G3 kan, tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rà ní Computer Village ní Ìkẹjà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Intel Core i5-6300U ni ọpọlọ rẹ̀, kò sì ní káàdì àwòrán tó dá dúró. Inú ọpọlọ kan náà ni àwòrán ti ń jáde, nípasẹ̀ ohun tí Intel ń pè ní HD Graphics 520. Ráàmù rẹ̀ jẹ́ 8 GB, díìsìkì rẹ̀ sì jẹ́ 500 GB, irú àtijọ́ tó ń yí, tí Windows 10 wà lórí rẹ̀. Ìtọ́jú Windows 10 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, láti ìran kẹjọ ọpọlọ Intel sókè ni Windows 11 sì ń gbà, bẹ́ẹ̀ ìran kẹfà ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun máa tà á lówó pọ́ọ́kú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tà á, kí ó gbé e wá fún mi ní Ìbàdàn.

Ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe kò pọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Èyí àgbà ti ra Ultra Street Fighter IV lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí àbúrò sì fẹ́ràn géèmù tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì lè ṣeré lórí ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú Linux nìkan, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ ní ipò Windows, mo sì pinnu láti kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé mo wá irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ní èdè wa títí, n kò rí i.

Àwọn ògbufọ̀ tó wà láàárín

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí géèmù Windows ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Linux rárá, nítorí pé gbogbo àbùkù tí mo bá pàdé wà nínú àlàyé yìí. Géèmù tí wọ́n kọ fún Windows kò gbọ́ èdè Linux. Bó bá fẹ́ ṣí fáìlì tàbí kó ya àwòrán sójú ẹ̀rọ, Windows ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró sí àyè Windows lórí Linux ni Wine, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà àti láti tún ṣe. Wine ń ṣe bíi ti ògbufọ̀ kóòtù: ó gbọ́ ohun tí géèmù sọ, ó sì sọ ọ́ fún Linux ní èdè tí Linux gbọ́.

Èdè tí géèmù Windows fi ń yàwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct3D, le ju ìyókù lọ, ó sì pẹ́ kí Wine tó lè tú u kíákíá. Ní oṣù kejì ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ Khronos gbé Vulkan jáde, èdè àwòrán tí Linux náà gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Philip Rebohle, tó fẹ́ ṣe géèmù NieR: Automata lórí Linux, bẹ̀rẹ̀ DXVK, ògbufọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ Direct3D di Vulkan lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Steam, kó Wine àti DXVK pọ̀ sínú ohun kan tó pè ní Proton, ó sì fi í sínú Steam, débi pé ẹni tó bá ra géèmù Windows lè kàn tẹ bọ́tìnì kan lórí Linux. Orí Proton yìí kan náà ni Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Valve tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2022 dúró lé. Ẹni ìkẹyìn nínú ìlà náà ni dráíbà Mesa, tó ń gba ọ̀rọ̀ Vulkan lẹ́nu DXVK, tó sì ń sọ ọ́ fún Intel HD 520 fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí géèmù bá kọ̀ tí kò ṣí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi: ògbufọ̀ wo ló dákẹ́?

Ọjọ́ kìíní: eruku àti ìfisílẹ̀

Mo tú ìdè ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù náà, mo sì rí i pé eruku ti dì mọ́ àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ó nípọn bí òwú ẹ̀gbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Pésìtì tó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ ti gbẹ, ó ń ya bí ẹrẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku, mo nu pésìtì àtijọ́ kúrò, mo sì fi tuntun sí i. Kí n tó ṣe èyí, ooru rẹ̀ máa ń dé 96 °C bí mo bá fún un níṣẹ́ gidi; lẹ́yìn rẹ̀, kò kọjá 79 °C.

Mo fi SSD M.2 tuntun 256 GB, irú díìsìkì tí kì í yí, sí àyè tó ṣófo nínú rẹ̀, mo sì fi díìsìkì àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà, nítorí pé fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi wà lórí rẹ̀, géèmù tí ọmọ náà ti gbà wálẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Linux Mint 22, irú Linux kan, ẹ̀dà Xfce rẹ̀, ni mo fi sórí SSD náà. Ó tó nǹkan bí 3 GB láti gbà wálẹ̀, dátà òru ni mo lò. Ìfisílẹ̀ náà kò tó ogún ìṣẹ́jú. Wi-Fi, ohùn àti kámẹ́rà ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé mo wá dráíbà kankan. Mo tẹ `sudo apt install steam`, àṣẹ tó ní kí apt, ètò tó ń gba nǹkan wálẹ̀, gbé Steam wá, mo sì lọ sùn.

Ọjọ́ kejì: bọ́tìnì tó ń padà

Èrò mi ni pé n kò ní gba géèmù náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí dátà. Mo fi díìsìkì àtijọ́ han Steam nínú ètò rẹ̀, Steam sì rí géèmù náà lójú ẹsẹ̀. Mo gba Proton láàyè ní abẹ́ Compatibility, mo pe ọmọ náà pé kí ó wá wo iṣẹ́ àǹtí rẹ̀, mo sì tẹ Play. Bọ́tìnì náà yí padà sí Stop, ó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó tún padà sí Play. Kò sí fèrèsé tó ṣí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lójú ẹ̀rọ.

Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, ó tún ti padà."

A tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́fà. Mo yí ẹ̀dà Proton padà lẹ́ẹ̀mejì, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó yá ni mo pa Steam, tí mo sì tún un ṣí láti inú terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí n lè máa ka ohun tó ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn: Proton ní òun kò lè dá ohun kan tó ń jẹ́ `dosdevices/c:` sílẹ̀, gbólóhùn tó sì parí rẹ̀ ni `Invalid argument`.

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Fún géèmù kọ̀ọ̀kan, Proton máa ń kọ́ Windows kékeré kan sínú fódà `compatdata`, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí géèmù náà wà. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń dá àwọn àmì ọ̀nà sílẹ̀: èyí tó ń jẹ́ `c:` ń tọ́ka sí díìsìkì tí géèmù yóò rò pé ó jẹ́ ti Windows, èyí tó ń jẹ́ `z:` sì ń tọ́ka sí gbogbo Linux. Lórí ext4, tó jẹ́ ìlànà ìpamọ́ fáìlì Linux, orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní wàhálà. NTFS ti Windows ni díìsìkì àtijọ́ náà ń lò, Windows kì í sì í gba kólọ̀n nínú orúkọ fáìlì. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ tí Windows kò lè kà sórí díìsìkì Windows, Linux náà kọ̀ láti dá a sílẹ̀. Mo jókòó, mo rò ó títí: C: tí Windows fi ń pe díìsìkì rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni orúkọ tí fáìlì Windows kò gbọdọ̀ jẹ́.

Àwọn kan máa ń fi àmì ọ̀nà darí `compatdata` sí orí ext4, kí géèmù fúnra rẹ̀ lè dúró sórí NTFS. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn fún ẹ̀rọ tí ọmọdé ń lò, nítorí pé bí nǹkan kékeré bá yẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rántí ibi tí ọ̀nà náà gbà. Mo pa Steam, mo da fódà géèmù náà kọ láti inú `steamapps/common` àtijọ́ sí tuntun lórí SSD, mo sì da fáìlì `appmanifest` rẹ̀ kọ pẹ̀lú, nítorí òun ló ń sọ fún Steam pé géèmù náà ti wà nílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i padà, Steam yẹ gbogbo fáìlì náà wò, ó sì gba MB díẹ̀ péré wálẹ̀. Dátà mi dúró síbẹ̀.

Mo tẹ Play. Fèrèsé dúdú ṣí, ó sì tún pa dé.

Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún: bíìtì 32

Ibí ni mo ti pàdánù àkókò jù, ẹ̀bi èmi gan-an sì ni, torí pé mo gbà pé ohun kan dára láìyẹ̀ ẹ́ wò tán. Bí mo ṣe rò ó nìyí: Wine ti ń sọ̀rọ̀, fèrèsé ti ṣí, a jẹ́ pé ìyàwòrán ló kù. Mo tẹ `vulkaninfo --summary`, àṣẹ tó ń sọ bóyá Vulkan wà, ó sì dárúkọ Intel HD Graphics 520 fún mi láìṣe iyè méjì. Mo ní, Vulkan wà, dráíbà wà, nítorí náà DXVK ló ní ẹ̀bi. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń dá DXVK lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo kọ `PROTON_LOG=1 %command%` sínú àyè Launch Options géèmù náà, èyí tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fi fáìlì kan sílẹ̀ nínú fódà ilé, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `steam-`, níbi tí ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ́rìí ohun tó ṣe. Fáìlì náà gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan dúró lójú mi: `VK_ERROR_INCOMPATIBLE_DRIVER`. DXVK kò ṣẹ̀ rárá. Ó ké sí dráíbà, kò sì sẹ́ni tó dáhùn.

Báwo ni dráíbà yóò ṣe dá `vulkaninfo` lóhùn, tí kò ní dá géèmù lóhùn? Ìdí rẹ̀ ni pé bíìtì 64 ni `vulkaninfo`, bíìtì 32 sì ni géèmù náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà yẹn. Ètò bíìtì 32 kò lè lo dráíbà bíìtì 64. Ó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo tẹ `dpkg -l | grep mesa-vulkan`, ìlà kan ṣoṣo ló jáde, tí `amd64`, ìyẹn bíìtì 64, wà nínú rẹ̀. Ti `i386`, ìyẹn bíìtì 32, kò sí. Steam kò kà á sí ohun tó jẹ́ dandan, ó kàn dámọ̀ràn rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣètò apt lórí ẹ̀rọ mi kí ó má ṣe kó àwọn àpò tí wọ́n kàn dámọ̀ràn mọ́ èyí tí a bá ní kó gbà. Mo tẹ èyí:

`sudo apt install mesa-vulkan-drivers:i386`

Kò ju MB díẹ̀ lọ. Mo tẹ Play, ohùn ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà sì bú jáde débi tí ọmọ náà fi ju ṣíbí ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kejì, tó sáré wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irú ìṣòro yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ti bíìtì 32 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ọjọ́ kẹfà: ìdí tí ìjà fi ń falẹ̀

Géèmù ṣí, ṣùgbọ́n àwọn oníjà náà ń rìn bí ẹni tó ń jà nínú odò. Mo fi MangoHud sí i, èyí tó ń kọ iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí igun ojú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ooru àti iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe. Nǹkan bí 41 ni mo rí, nígbà mìíràn 36. Géèmù ìjà kò gba èyí, nítorí àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ṣírò gbogbo ẹ̀ṣẹ́ àti ìdáàbòbò inú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú GameMode, tó máa ń ti ọpọlọ ẹ̀rọ kí ó sáré sí i. Kò ràn wá lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ yìí. Wátì 15 ni ọpọlọ àti apá tó ń yàwòrán jọ ń pín, nítorí náà bí ọ̀kan bá mu jù, ti èkejì yóò dínkù. Mo yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ `sudo dmidecode -t memory`, mo sì rí i pé ojú méjì ni ráàmù ní, ọ̀kan ní 8 GB, ekejì ní `No Module Installed`, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. HD 520 kò ní ráàmù tirẹ̀, inú ti gbogbo ẹ̀rọ ló ti ń mu, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà mu ún. Ẹyọ ráàmù DDR4-2133 kan ń gbé nǹkan bí 17 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí méjì bá wà, ó di 34. Mo ra 8 GB mìíràn tòkunbọ̀, mo tì í bọ àyè tó ṣófo títí ó fi dún kọ́. Géèmù kan náà, ètò kan náà: 60, ó sì dúró síbẹ̀. Nínú gbogbo owó tí mo ná sórí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó tó bẹ́ẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn.

Ohun kékeré kan kù. Bí a bá kọ́kọ́ wọ pápá ìjà tuntun, àwòrán máa ń já fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí pé DXVK ń pèsè àwọn ìlànà ìyàwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ó ti wà ní ìpamọ́, kì í já mọ́. Steam lè gba àwọn ìlànà wọ̀nyí wálẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà lójoojúmọ́, nítorí náà mo pa Shader Pre-caching nínú ètò rẹ̀. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kò níye lè fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ: pádì

Pádì USB tí a ní jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, tí kò ní orúkọ tó ṣe gúnmọ́ lára. `lsusb`, àṣẹ tó ń ka ohun tó so mọ́ USB, pè é ní `0079:0006`, PC TWIN SHOCK. Linux mọ̀ ọ́n láìbéèrè ohunkóhun. Nínú `jstest-gtk`, ètò tó ń dán pádì wò, gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ tàn bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n, àfi ẹyọ kan tó ń ṣe ségesège. Steam náà rí i. Géèmù kò rí i.

Géèmù náà retí pádì Xbox 360, kò sì mọ òmíràn. Steam ní ògbufọ̀ fún èyí pẹ̀lú: ó ń gba ọ̀rọ̀ pádì èyíkéyìí, ó sì ń dá pádì Xbox aláìrí kan sílẹ̀ tí géèmù yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè dá a sílẹ̀, ó nílò àṣẹ láti kọ nǹkan sínú `/dev/uinput`, àpò tó sì ń fún un ní àṣẹ yẹn ni `steam-devices`. Nígbà yìí, mo ti mọ ibi tí mo máa wò. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kàn dámọ̀ràn, kò sì bá Steam wọlé. Mo fi í sí i, mo jáde kúrò nínú àkáǹtì, mo tún wọlé, mo sì tẹ bọ́tìnì ANALOG títí iná pupa rẹ̀ fi tàn. Steam ní kí n tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dárúkọ rẹ̀, mo tẹ wọ́n, ó parí.

Ti bọ́tìnì tó ń ṣe ségesège, mo tú pádì náà. Abẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà rírọ̀ kan wà tó ní ojú dúdú róbótó nísàlẹ̀. Ojú dúdú yìí ló ń so ọ̀nà iná méjì pọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ti bọ́tìnì kẹta ti dọ̀tí, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n ta epo sí i, mo sì fura sí àkàrà. Mo fi òwú tí mo rẹ sínú sípíríìtì nù ún, mo nu ọ̀nà iná tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo sì dè é padà. Ó ń dáhùn báyìí bí a bá kàn fọwọ́ bà á.

Géèmù àbúrò, àti alẹ́ tí kò sí iná

SuperTuxKart ni mo fún àbúrò. Kò nílò ògbufọ̀ Windows kankan, nítorí pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba bíi ti Linux fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun ló ń jí mi lówùúrọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí a bá wà lórí ìnfátà, mo máa ń fi `MANGOHUD_CONFIG=fps_limit=30 mangohud supertuxkart` ṣí i. Ẹ̀rọ náà kì í gbóná bẹ́ẹ̀, fáànù rẹ̀ kì í pariwo, bátìrì sì ń pẹ́ sí i. Géèmù ìjà ni n kì í fi òté yìí lé, nítorí ìdí tí mo ti sọ.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un: àwọn géèmù ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tí kò ní ṣiṣẹ́, bó ti wù kí a tún ẹ̀rọ ṣe tó. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn ayanijẹ inú wọn ń béèrè pé kí òun wọ inú gbùngbùn Windows lọ, ibẹ̀ kò sì sí lórí Linux. Easy Anti-Cheat àti BattlEye ti ṣe ẹ̀dà tó ń bá Proton ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ni géèmù ni ó wà láti gbà á láàyè. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n máa wo ProtonDB, níbi tí àwọn tó ti dán géèmù wò ń kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n tó ní kí bàbá wọn rà á.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Díìsìkì àtijọ́ ṣì wà lórí NTFS. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti wá da àwọn fọ́tò rẹ̀ kọ, mo máa sọ ọ́ di ext4, géèmù yóò sì ní àyè sí i. Pádì kejì ti wà lọ́nà; pádì kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì ń jìjàdù lé lórí báyìí. Ní alẹ́ àná, mo wo igun ojú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n wà nínú ìjà kẹ́sàn-án wọn: àwòrán 60, ooru 74 °C.